Ẹ̀wù Pásítọ̀ Ò Kúrò Lórí Tábìlì Yìí

Ẹ jókòó, Màmá Ìjọ, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gbowó orí, ẹ ká aṣọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga kí ẹ jókòó, mo mọ ohun tí ẹ bá wá, ẹ̀wù ni, ọ̀la ni ìsìn, ẹ̀wù akọrin méjèèjìlá nìyẹn lórí okùn, mo ti fọ̀ wọ́n, mo ti fi sítáàṣì sí wọn, mo ti lọ̀ wọ́n, ẹ wò wọ́n bóyá ẹ máa rí ibi tó hunjọ. Ti Pásítọ̀ nìkan ló kù. Òun nìyí níwájú mi, ó ṣì lómi díẹ̀, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá màá lọ̀ ọ́.

Rárá, kò rẹ̀ mí. Mi ò bínú pẹ̀lú. Gbogbo èèyàn ló ń bi mí bóyá mò ń bínú. Ìbínú gan-an ì bá sàn. Ẹ mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń rí tó bá ti pẹ́ jù nínú omi tútù, tí ẹ máa ja ara yín léèékánná tí kò ní dùn yín? Bí mo ṣe wà láti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá nìyẹn.

Ẹ kúkú wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọkọ yín lẹ jókòó sí. Wọ́n ní Pásítọ̀ pé ogún ọdún lórí pẹpẹ, àwọn àgbà ìjọ bá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá, wọ́n gbé máíkì lé e lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki àbúrò rẹ̀. Oríkì, Màmá Ìjọ. Oríkì ilé bàbá wọn, látorí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ wọn dó títí dórí ẹni tó bí i. Pásítọ̀ yọ gíláàsì, ó nu ojú, orí rẹ̀ wú débi pé mo rò pé kọ́là tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀ máa já. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́, mo rí yín. Èmi wà lórí ìjókòó kẹta, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan, mò ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo òjò láti inú ilé.

Nítorí ọkùnrin yìí kan náà ló gba oríkì lẹ́nu mi.

Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ tún máa gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá yín àti yàrá èmi àti ìyá mi. Ìyàwó tuntun ni yín nígbà yẹn, ọkọ yín sì máa ń ti lọ síbi àdúrà òwúrọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Láràárọ̀, kí n tó gbé omi kaná, màá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá mi, màá kì í, bí òun náà ṣe ń ki ìyá tirẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá kì í tán, á nara, á ní ara òun ti wá dé wàyí. Ohùn mi ò dára, mo mọ̀, àmọ́ ẹ̀yin gan-an lẹ sọ fún mi lẹ́bàá ẹ̀rọ omi pé lọ́jọ́ tí mo bá rìnrìn àjò, ẹ kì í jí dáadáa.

Àfi bí Pásítọ̀ ṣe kanlẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìwé Mímọ́ lábíyá, ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní àwọn òkú ni mò ń pè, pé ẹni tí èèyàn bá pè á wá jẹ́, pé àwọn tí ò mọ Olúwa ni mò ń kó wọ inú ilé tí Olúwa ti rà padà. Mo fẹ́ fèsì, ẹ kúkú mọ ẹnu mi. Ìyá mi ló fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó ní, "Ẹni Ọlọ́run ni. Fi sílẹ̀." Ìyá mi tó ti ń gbálẹ̀ ilé ìjọ yẹn kí Pásítọ̀ tó mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Mo fi sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá, "Ẹ káàárọ̀ mà," ó parí. Á jókòó sétí ibùsùn, á ti wé gèlè, á gbọ́wọ́ lé orúnkún, á máa wò mí. Màá kí i tán, kò ní dìde. Á ṣì máa retí. Màá lọ gbé omi ìwẹ̀ wá.

Ẹ ní kí ni? Ti ẹ̀gbọ́n Pásítọ̀ yàtọ̀, onígbàgbọ́ ni? Àwọn bàbá tó ń kì ńkọ́, onígbàgbọ́ ni àwọn náà? Ṣé òkú tí wọ́n bá fi máíkì pè kì í jẹ́ ni? Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Èmi ò dé ilé ìwé, ìka ni mo fi ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ títí mo fi mọ̀ ọ́n kà, ibi tí mo sì kọ́kọ́ kà já nínú Ìwé Mímọ́ ni ibi tí wọ́n ti ka ẹni tó bí ẹni tó bí ẹni tó bí ọkọ ìyá Olúwa. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé máa ń fo ibẹ̀. Èmi ò fò ó. Mo ní áà, wọ́n ń ki Jésù ni. Kí wọ́n tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ kì í. Aṣẹ́wó wà nínú àwọn tí wọ́n kà, wọn ò yọ ọ́. Ta ló wá ní ìyá alágbàfọ̀ ò gbọdọ̀ ní tirẹ̀?

Jésù ò ṣẹ̀ mí. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò lọ síbì kankan. Ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ yín ni.

Nígbà tí ìyá mi ṣubú lóṣù tó kọjá, tí a gbé e dé ọsibítù, ó dijú, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ kékeré, ó ní, "Mà, ẹ fi ohun tí wọ́n mọ̀ pè wọ́n. Etí ló máa ń kú gbẹ̀yìn." Ohun tí wọ́n mọ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì yẹn, mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ pásítọ̀ kankan, mo la ẹnu. Ọmọ a-kọ́lé-sẹ́nu-ọ̀nà kálejò má ṣìnà. Ìka rẹ̀ gbéra lórí aṣọ. Mo fẹ́ mú ìkejì, kò sí. Mo tún ìkíní sọ, bóyá á fa ìkejì jáde. Kò sí. Bí ẹni tó sọ korobá sí kànga tí okùn já. Ọ̀sán gangan ni o, mo wá ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ìyá mi la ojú kan, ó wò mí bí ẹni tó ń retí ọmọ rẹ̀ tí aládùúgbò wá wọlé. Ó pa á dé. Kí nọ́ọ̀sì tó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó ti lọ.

Omi ò bọ́ lójú mi. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Rárá, ẹ má gbàdúrà. Ẹ dìde, ilẹ̀ yẹn lómi. Mi ò sì ní kí Pásítọ̀ wá bẹ̀ mí, kí ni màá fi ẹ̀bẹ̀ ṣe, ṣé màá sá a sórí okùn ni? Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Èmi nìkan ló yè nínú ọmọ tí ìyá mi bí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mọ oríkì náà ti kú. Kò sí ìwé tí a kọ ọ́ sí. Ẹnì kan ló kù láyé yìí tó gbọ́ ọ láràárọ̀ fún odidi ọdún méjì láti ẹ̀yìn ògiri, ẹni náà ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi yìí. Ẹ sọ ọ́. Mo fi ìyá mi tó wà nílẹ̀ búra, ẹ̀wù Pásítọ̀ ò kúrò lórí tábìlì yìí títí ẹ fi máa sọ ọ́. Kó wọ èyí tó hunjọ lọ́la, kí ìjọ wò ó.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti gbàgbé. Ètè yín ń mì. Ó ti ń mì láti ìgbà tí mo ti sọ ìlà àkọ́kọ́.

Ẹ ní? Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀. Ó tẹ́ní... Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run mi. Ó tẹ́ní fálejò, ó sùn sí ìloro. Ìloro. Ìloro ni mo ń wá lọ́jọ́ náà. Ó tẹ́ní fálejò, òun alára sùn sí ìloro.

Ẹ dúró, ẹ má tíì sọ ìyókù. Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ ná. Ó dáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè, ẹ má kánjú. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, èmi ni màá dá a lóhùn.