Ṣéènì Tuntun Lórí Eyín Àtijọ́

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ní ayé kan tí ó ti jìnnà réré, tí àṣẹ ṣì ń ti Kàdúná dé bá wa nílẹ̀ Okun, àwa tí a ń kí ara wa ní "Okun o", ẹni tí ó bá ní kẹ̀kẹ́ ní Kàbà, ẹni iyì ni. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, tí ẹ ń gun ọ̀kadà bí ẹni jókòó sórí àga… ẹ gbọ́.

Bàbá wa fi kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ kí ó tó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, Dáre, ni ó jogún rẹ̀. Ní agboolé wa, ohun tí olóògbé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, ẹnikẹ́ni kì í tú u kí ọdún òkú tó yí po. Ìbáà ṣe ọkọ́, ìbáà ṣe àga, bí ó ti fi í sílẹ̀ ni yóò wà. Ta ni yóò dán an wò?

Ni ṣéènì bá já. A gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ráfíù, atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò yí irin eléyín tí ó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó mi orí.

"Dáre, ṣéènì yìí ti ń dẹ̀ tipẹ́. Bí o bá fi ọwọ́ fà á níwájú, tí ó bá ti ń gbé kúrò lórí eyín, ó ti gbó nìyẹn. Ìgbà náà ni à ń pààrọ̀ rẹ̀, kí eyín má bàa bá a lọ. O jẹ́ kí ó pẹ́ jù. Wò ó, eyín ti mú bí ẹ̀gún. Àwọn méjèèjì ni kí a jọ pààrọ̀."

"Bàbá, ṣéènì nìkan ni o. Irin yẹn, ọwọ́ bàbá mi ni ó dè é. Ọdún rẹ̀ kò tíì yí."

"Háà! O fẹ́ fi wúńdíá fún arúgbó tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán? Òkú ni yóò gun kẹ̀kẹ́ ni, àbí ìwọ?"

A rẹ́rìn-ín. Dáre náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà. Bàbá Ráfíù so ṣéènì tuntun mọ́ eyín àtijọ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń lọ geere. A ní ó parí.

Kò pẹ́, ìyá wa ránṣẹ́ láti Ògìdì. Yèyé, ìyá tí ó bí ìyá wa, ẹni tí ó tọ́ Dáre dàgbà, ń re ibi àgbà ń rè. Kí Dáre yára wá, kí Yèyé lè gbé ọwọ́ ìre lé e lórí.

Èmi jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tẹ́jú, à ń lọ. A kan òkè. Dáre tẹ̀ ẹ́, ṣéènì fò kọjá lórí eyín: ká! Ó tún tẹ̀ ẹ́: ká, ká! Ẹsẹ̀ ń lọ, kẹ̀kẹ́ ń dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gùn ún ní òun nìkan. Ká! Gbogbo òkè ọ̀nà Ògìdì, ẹsẹ̀ ni a fi gùn ún, tí a ń ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ti màlúù tí ó kọ̀ láti rìn…

Ẹkún ni ó pàdé wa.

Ìyá wa ní, "Láti òwúrọ̀ ni ó ti na ọwọ́ síta. 'Orí Dáre dà?' A gbé orí ọmọ mìíràn síbẹ̀. Ó fọwọ́ wá a wò, ó ní, 'Èyí kọ́.' Kò tíì pẹ́ tí ọwọ́ náà wálẹ̀."

Dáre kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ Yèyé, ó fi lé orí ara rẹ̀. Ìyá wa rọra gbé e kúrò. "Ọmọ mi, alààyè ni í súre."

Bàbá tí a ní à ń bọlá fún ńkọ́? Òun tí kì í jẹ́ kí ṣéènì dẹ̀! Ìbá wà láyé, òun ni ìbá kọ́kọ́ tú irin náà dànù. Dáre kọ́lé, ó bímọ, ó darúgbó. Ohun rere kan kì í dé kí ó má wí pé, "Yèyé kò súre fún mi o." Ọ̀rọ̀ náà ni ó gbé wọ sàréè.

Lónìí, ẹ kì í dúró de ọdún òkú mọ́. Kí omijé tó gbẹ, ẹ ti ta bàtà olóògbé. Ìyẹn náà ń dùn mí… Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ óò fi dé ọ̀dọ̀ alààyè, ẹ má jẹ́ kí ó gbó mọ́ yín lọ́wọ́.

Ilé tí ẹ ń kọ́ kò ní di ahoro. Ọmọ tí ẹ bí, ìpè yín yóò bá wọn nítòsí, wọn yóò sì jẹ́ yín lóhùn kí oòrùn yín tó wọ̀. Okun o.