Wọ́n Sọ Kẹ́yìndé Di Àbúrò

Nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún nìkan ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ kòrónà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà méjì, ìbejì ni wọ́n, nílé ìwòsàn kan ní ìlú Òrù. Nọ́ọ̀sì pe Táyé wọlé. Ó ní ọjọ́ orí tó wà lára káàdì ìdánimọ̀ Kẹ́yìndé kò tíì tó ọgọ́ta, kó lọ dúró de àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.

"Ẹgbẹ́ mi wo?" Kẹ́yìndé figbe ta. "Ẹni tó ṣe káàdì fún mi ló wojú mi, tó bu ọjọ́ orí tó wù ú fún mi! Èmi tí mo rán Táyé wá tọ́ ayé wò ni ẹ sọ di àbúrò ẹ̀!"

"Ẹ má bínú, màmá. Ohun tó wà lára káàdì là ń wò."

Táyé padà wá jókòó ti Kẹ́yìndé.

"Màmá, ẹ̀yin ẹ wọlé," nọ́ọ̀sì sọ fún Táyé.

"Ó rán mi ṣáájú nígbà kan, mo lọ," Táyé dáhùn. "Kò rán mi lónìí."