Irọ́ tí Mo Kà Lára Àwòrán Tufail

Ẹ̀yin ọmọ kéwú mi, ẹ sún mọ́ mi, ohùn mi ò lọ sókè mọ́. Dókítà ti sọ tirẹ̀, èmi náà sì mọ bí ara ṣe ń ṣe mí. Èmi Raheem tí ẹ ń pè ní Áfà Àgbà, mo purọ́ mọ́ ẹnì kan ní Ìkàrẹ́ yìí, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ náà wọ sàréè.

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ tí tíṣà ò tó, wọ́n gba àwọn àjèjì síṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Tufail, ará Pakísítánì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀kà. Ìkàrẹ́ ló ń gbé. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa nínú ilé Ìyá Christiana. Kò lẹ́bí, kò lọ́rẹ̀ẹ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa gbẹ́ kálámù tó fi ń kọ̀wé. Lẹ́tà rẹ̀ kì í dúró ṣánṣán bíi tiwa, ṣe ló máa ń dagẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ bí imọ̀ ọ̀pẹ tí òjò lù. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ èdè Úrúdù nìyẹn: lẹ́tà kéwú ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe Lárúbáwá.

Àwòrán kan wà tó fi ọ̀dà yà. Lẹ́tà ló tò títí ó fi di obìnrin tó gbé ọmọ mọ́ra, tí kò borí. Èmi àti Limota ìyàwó mi bi í pé kí ló kọ. Ó kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀: "Sùn, ọmọ mi, bàbá rẹ ò ní pẹ́ dé." Ó ní ohun tí ìyàwó òun máa ń sọ fún ọmọbìnrin àwọn nìyẹn kí ìyàwó náà tó kú. Limota nu ojú. Àánú rẹ̀ ṣe èmi náà lọ́jọ́ yẹn. Òótọ́ ni.

Ìgbà tó yá, wọ́n fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára ògiri mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Mo ti fọkàn sí i pé èmi ni wọn yóò gbé e fún. Àfi bí Lèmọ́mù ṣe rí iṣẹ́ ọwọ́ Tufail. Ó ní, "Raheem, jẹ́ kí àlejò yìí kọ ọ́. Ìwọ bá a po tàdáà tí yóò fi kọ ọ́." Èmi, kí n máa po tàdáà. Mo ní kò burú. Ìlara ló wọ̀ mí, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ẹ̀sìn.

Mo dúró di Jímọ̀ tí Lèmọ́mù lọ sí Ọ̀wọ̀. Mo sọ fún Lásísì, tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń tẹ̀ lé, pé kó lọ wo obìnrin tí kò borí tí àjèjì yẹn fi ọ̀rọ̀ Àlùkùránì yà. Ó ní, "Obìnrin tí kò borí?" Mo ní, "Lọ wò ó."

Bí a ṣe kírun tán ni Lásísì àti àwọn ọ̀dọ́ ya wọ ilé wa, wọ́n kó gbogbo àwòrán rẹ̀ sí àgbàlá. Ìyá Christiana ń bẹ̀ wọ́n. Àgbàlagbà kan ní, "Ẹ dúró ná. Áfà rèé. Áfà, kí ló kọ síbẹ̀?"

Tufail rí mi, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ní, "Ẹ bi Raheem. Mo ti kà á fún un."

Mo wo àwòrán náà. Mo ní, "Àlùkùránì ni."

Wọ́n dáná sun gbogbo rẹ̀. Tufail ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn sún mọ́ mi, ó rọra béèrè pé, "Raheem, ṣé o gbàgbé ni?" Iná ń jó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tún ń bá mi wá àwáwí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti kúrò nílùú.

Èmi ni mo kọ ògiri náà, àwọn èèyàn sì yìn mí. Ṣùgbọ́n Limota wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́ mi. Títí ó fi kú, ó ń se oúnjẹ mi, ó ń kí mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bá mi jẹun mọ́; èmi nìkan ni mo máa ń jẹ ẹ́ lójú rẹ̀.

Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ní ti Tufail, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò pè yín sáàárín àwọn tí kò lè kà, tí wọn yóò ní kí ẹ wí ohun tí wọ́n kọ. Ohun tí wọ́n kọ ni kí ẹ wí. Bí mo bá sì ti kú, ẹ fi ọ̀dà pa ohun tí mo kọ sára ògiri yẹn rẹ́, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè.