Òróró Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ Mojí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo kí yín o. Ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè dá gbé mọ́. Mojí, ìyàwó ọmọ mi, ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, yóò gbé ọmọ-ọmọ mi kúrò nílé wa, nítorí ó rò pé ìyá ọkọ òun kò fẹ́ràn ọmọ òun. Irọ́ mi ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ má tíì bú mi. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ lè wá bú mi.

Àgbẹ̀ ni mí, ní abúlé kan lẹ́bàá Erunmu. Pírámárì mẹ́ta ni mo bá ìwé dé, ẹ má wo àṣìkọ mi. Gbogbo ará abúlé ló mọ̀ mí sí aláròsọ. Èmi ni mo sọ pé mo gun ìmàdò láti Akanran dé Erunmu, tí ìmàdò náà sì bi mí pé ṣé kò sí èrò mìíràn tá a lè gbé lọ́nà ni. Àwọn èèyàn a rẹ́rìn-ín, wọn a fún mi ní obì jẹ, kálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Irọ́ mi kò pa ẹnikẹ́ni lára rí, àfi èyí.

Ìyàwó mi, Ìyá Délé, kì í parọ́ ní tiẹ̀. Aládùúrà ni, ìjọ aláṣọ funfun. Kò sí nǹkan tuntun tó máa wọ ilé wa tí kò ní fi òróró àdúrà sàmì sí. Ó sàmì sí ọ̀kadà mi. Ó sàmì sí rédíò. Nígbà tí Délé ọmọ wa gbé sólà sórí òrùlé, àkàbà ni ìyàwó mi gùn lọ bá a níbẹ̀. Ìka kan ló máa ń tì bọ òróró, á fi ṣe àgbélébùú kékeré, á ní, "Olúwa, jẹ́ kó ṣe wá lóore." Ó parí nìyẹn.

Iṣẹ́ gbé Délé lọ sọ́nà jíjìn, ló bá mú Mojí wá láti ilé wọn ní Ọlọ́runṣògo kó wá bímọ sọ́dọ̀ wa. Ìyá Mojí ti kú, kò ní ẹlòmíì tí yóò bá a wẹ ọmọ ju ìyàwó mi lọ. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó yé jẹ òróró púpọ̀. Bó ṣe kó kẹ́tù oníná dé nìyẹn, ó kó bílẹ́ńdà dé, ó sì gbé ẹ̀rọ kan dé tó rí bí orí ọmọlangidi tó dé fìlà dúdú. Ẹ́à-fúráyà ló pè é. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló fi ń dín nǹkan, kò nílò òróró. Ìyá rẹ̀ ló rà á fún un kó tó kú. Ó máa ń nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Lọ́jọ́ tó gbé e dé, ìyàwó mi ṣe àgbélébùú tiẹ̀ sórí ìdérí rẹ̀. Mojí ní, "Àmín, Mọ́mì."

Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà o. Bó bá dín ẹja, ẹja á dùn. Àmọ́ dùǹdú rẹ̀ kò bá mi lára mu. Ó máa ń gbẹ bí èèpo igi. Mo ní, "Mojí, iṣu yìí ń sunkún òróró o."

Ó ní, "Bàbá, òróró ò dáa fún ẹ̀yin náà."

Mo ní, "Ṣé kí n wá fi ọ̀fun gbígbẹ lọ bá àwọn baba mi lọ́run ni?" Ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́rú kan, ìyàwó mi lọ síbi àdúrà. Mojí lọ fún àyẹ̀wò oyún. Ó wá ku èmi àti ẹ̀rọ náà, à ń wo ara wa lójú. Mo bẹ iṣu. Mo fa agbọ̀n inú ẹ̀rọ náà jáde, mo kó iṣu sí i. Lójú tèmi, ohunkóhun tí wọ́n bá fi ń dín nǹkan, agbada ni, agbada kò sì gbọdọ̀ gbẹ. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì òróró ilé ìdáná, mo dà á títí ó fi bo iṣu mọ́lẹ̀. Mo tì í padà, mo tẹ ibi tí mo ti rí i tí Mojí ń tẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ń kùn bí oyin. Inú mi dùn. Nígbà tó yá, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Nǹkan ta pàù! Iná gbogbo ilé lọ.

Mo yára fa wáyà rẹ̀ yọ. Mo kó iṣu fún ewúrẹ́. Mo da òróró nù, mo fi àkísà nu ara ẹ̀rọ náà títí ó fi ń dán. Mo ṣí fèrèsé, mo mú iná padà bí Délé ṣe kọ́ mi. Mo wá lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò bí ẹni tí kò tíì dìde láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n òróró ti wọ inú ikùn ẹ̀rọ náà, níbi tí àkísà kò lè dé.

Nígbà tí àwọn méjèèjì dé, Mojí fẹ́ yan ẹja. Ó tẹ ẹ̀rọ, kò dún. Ó gbé e tẹ̀ síwájú díẹ̀ kó lè wo ẹ̀yìn rẹ̀, òróró ń kán tó, tó, tó sórí tábìlì. Ó yíjú sí ìyàwó mi.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ tún gbàdúrà sí i ni?"

"Èmi kẹ̀? Ọjọ́ tó dé nìkan ni. Orí ìdérí ni mo fọwọ́ kàn."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti la ẹnu. Mo là á lóòótọ́, irọ́ ló jáde. Ìgò òróró tuntun kan wà nílé nígbà náà, ìgò dúdú tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà sí fún ìyàwó mi, torí ti tẹ́lẹ̀ ti tán. Mo ní, "Àbí o ti gbàgbé ni, Ìyá Délé? Kó o tó jáde láàárọ̀ ni mo rí ọ. Ìgò tuntun yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ. O dà á sí i gbuu, o kígbe Halelúyà, ẹ̀rọ náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe Àmín."

Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín ni. Mojí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ìyá rẹ̀ ló sun. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù níbẹ̀. Ìyàwó mi ti ń gbàgbé nǹkan. Ó máa ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa ń wá gèlè tó wà lórí ara rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé mo máa ń bu ata sí ìtàn, àmọ́ ó rò pé ìdí ìtàn náà jẹ́ òótọ́. Ó ní, "Bóyá mo dà á lóòótọ́ o. Orí mi yìí ò pé mọ́." Ló bá kúnlẹ̀. Ìyá tó bí ọkọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Mojí náà kúnlẹ̀, ó ń pariwo, "Mọ́mì, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!" Èmi nìkan ni mo wà lórí ìjókòó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ó fi aṣọ funfun di ìgò náà láìwo inú rẹ̀, ó ta á ní kókó, ó sì tì í mọ́nú àpótí. Láti ìgbà náà, kò sàmì sí nǹkan kan mọ́. Kò fọwọ́ kan kẹ́tù, kò fọwọ́ kan bílẹ́ńdà. Orí ọlọ ló ti ń lọ ata.

Mojí wá bímọ, obìnrin. Ó gbé e wá bá ìyàwó mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi òróró yín kàn án lórí. Ẹ bá mi wẹ̀ ẹ́."

Ìyàwó mi kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Gbé e fún ẹlòmíì. Ọwọ́ mi ti ń ba nǹkan jẹ́."

Mojí kò gbọ́ èyí tó sọ gbẹ̀yìn, ẹkún ọmọ bò ó mọ́lẹ̀. "Gbé e fún ẹlòmíì" nìkan ló gbọ́. Ó ní àwọn máa padà sí Ọlọ́runṣògo.

Mo ti jẹ́wọ́ o! A ń jẹun lọ́wọ́, mo ní, "Èmi ni mo dín iṣu nínú ẹ̀rọ yẹn." Mojí ní, "Bàbá, ẹ tún ti dé!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo búra, ó tún rẹ́rìn-ín sí i. Ìyàwó mi wá tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìnkùlé. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Délé. Mo mọ̀ pé torí mi lẹ ṣe parọ́ yẹn." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mi ò rí ibi tí mo fẹ́ fojú sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni aláròsọ ṣe ń sọ òótọ́ kí wọ́n gbà á gbọ́? Ìyàwó mi kò gba ẹnu mi gbọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú ìwé, ó máa ń gbà á. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú yín, kó ka ibi tó kù yìí sí i létí kí Sátidé tó pé.

Ìyá Délé, kẹ́ẹ̀gì ilé ìdáná ni òróró yẹn ti wá. Mi ò fọwọ́ kan ìgò rẹ, ìwọ náà kò sì dà á síbì kankan. Lọ ṣí àpótí. Kókó tí o ta ṣì wà bí o ṣe ta á, o mọ kókó ọwọ́ ara rẹ. Tú u fúnra rẹ, má jẹ́ kí n bá ọ débẹ̀, kó o má baà ní mo tún dá ọgbọ́n kan. Wo inú ìgò náà. Wàá rí i pé ó kún dé ọrùn.

Lẹ́yìn náà, jọ̀ọ́, ti ìka rẹ bọ̀ ọ́, kó o sì gba ọmọ wa lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Omi ìwẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí iná. Èmi ni mo gbé e ka á.