Adágún tí Mo Parọ́ Mọ́ ní Cacaveli

Ẹnu àwọn kọ̀ǹkọ̀ kì í dákẹ́ ní Cacaveli, àdúgbò wa, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Kí Alàgbà Constant tó ka ẹsẹ Bíbélì kan tán nínú ìjọ aláṣọ funfun wa, wọ́n á ti fi ohùn bò ó mọ́lẹ̀ láti inú adágún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní Libreville, ní Gabon. Ara mi ò le mọ́, dókítà ò sì fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Èmi náà ò ní fi nǹkan kan pa mọ́ fún yín. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ẹ má sọ pé èṣù ló ṣe é. Èmi Herman ni.

Èmi ni aríran ìjọ náà. Bí mo bá gbọ̀n jìgìjìgì tí mo ní, "Báyìí ni Olúwa wí," kò sẹ́ni tó ń bi mí bí mo ṣe mọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń ríran lóòótọ́. Àmọ́ mo ra ilẹ̀ kan lẹ́bàá adágún yẹn, omi ò sì jẹ́ kí n kọ́lé sí i. Mo máa ń dúró síbẹ̀, màá máa wo omi náà bí ẹni ń wo ọ̀tá. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí orin ti gbóná, mo pariwo: "Ejò dúdú wà nínú omi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì! Olúwa ní ká dí i pa, kó tó gbé ọmọ yín!" Mi ò rí ejò kankan. Ilẹ̀ mi ni mo rí. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, tọmọdé tàgbà á ru yẹ̀pẹ̀ àti pàǹtírí, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa dà á sínú omi: bàtà tó ti já, àwókù àga, ọ̀rá. A fi ẹ̀gbin bo nǹkan tí Ọlọ́run dá, a sì pè é ní ìgbọràn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rù. Agnès ni, opó tó ń gbin ẹ̀fọ́ gboma sétí omi náà, tí a ń pè ní Màmá Armelle. Bó bá ń bomi rin ẹ̀fọ́ yẹn, ó máa ń gbàdúrà bí ẹni ń bá ará ilé ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá bá mi.

"Frère Herman, bonjour o. Ejò yín dà?"

"Nínú ẹ̀mí ni, Màmá Armelle."

"Ó mà ga o! Ejò tí ò lè pa kọ̀ǹkọ̀ kan ṣoṣo!"

Ó tún un sọ ní èdè Mina fún obìnrin tó bá a wá, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Ọlọ́run fi Ádámù sínú ọgbà pé kó máa tọ́jú ẹ̀. Omi òjò gbogbo àdúgbò yìí, ibí ló ń sùn. Tẹ́ ẹ bá lé e, níbo ni kó lọ?" Ẹ̀rín wọn yẹn ló sì ká mi lára ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ibi tó burú jù ló kù. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dojú bolẹ̀ níwájú pẹpẹ, mo dìde, mo sì na ìka sí Agnès. "Ẹni tó ń bọ́ ejò náà ló jókòó yẹn!" Agnès ò sunkún. Ó wò mí, ó ní, "Herman, o mọ̀ pé irọ́ ni." Kò pè mí ní Frère, arákùnrin, mọ́. Alàgbà Constant ní kó bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, kó máa lọ. Wọ́n fa ẹ̀fọ́ rẹ̀ tu, a dí adágún náà tán, mo kọ́lé mi. Nígbà tí òjò ńlá dé, omi wá ibi tó ń sùn tì, ó ya wọ ilé àwọn èèyàn. Ògiri yàrá Agnès wó lé e lẹ́sẹ̀. Àwọn ará ìjọ ní, "Ẹ ò rí i? Ejò ń bínú." Èmi tí mo mọ òtítọ́, mo ní, "Àmín." Kò pẹ́ sígbà náà ni mo wáṣẹ́ lọ sí Gabon.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Armelle, ọmọ Agnès, pè mí lórí fóònù. "Tonton Herman, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ò lè dá rìn mọ́, Adewui la ń gbé. Wọ́n fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó kú. Ìjọ ò gbà, nítorí ìran yín."

"Ṣé ó ń ṣẹ́ èpè fún mi?"

"Rárá o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin náà lẹ máa ṣí i."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ríran, ohun tí ọkàn yín ń fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó sọ pé Olúwa ló wí. Mo kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Òwúrọ̀ yìí ni mo fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ lórí WhatsApp:

"Ẹ̀yin ará ní Cacaveli, èmi Herman ni. Kò sí ejò. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ mi gbẹ ni, mo sì fi orúkọ Olúwa parọ́. Agnès ò ṣe nǹkan kan. Ẹ lọ gbé e wá láti Adewui, ẹ fi í jókòó síwájú, kí ẹ sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún mi. Omi ti lé ayálégbé jáde nínú ilé mi. Ẹ wó o. Ẹ kó pàǹtírí abẹ́ rẹ̀ kúrò, kí omi rí àyè rẹ̀ padà. Màmá Armelle, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà wọlé."