Bí Mo Ṣe Yí Ojú Sólà sí Ìlà-Oòrùn

Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Glenabah, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé oòrùn lè mú omi tutù. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀. Irun mi ti funfun kí n tó mọ̀wé kọ, ikú kò sì jìnnà sí mi mọ́, nítorí náà òtítọ́ ni mo fẹ́ fi í kọ: èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Glenabah, ọmọ rẹ̀ ni mo sì jẹ́ kó ru ẹ̀bi náà.

Wáyà iná kò dé apá ọ̀dọ̀ wa rí, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ àwa Navajo, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni àwọn òpó ńlá tó ń gbé iná lọ sílùú ń gbà kọjá. Raelene, ọmọ Glenabah, ló lọ kọ́ṣẹ́ sólà. Ó ri òpó irin mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá rẹ̀, ó gbé pátákó sólà lé e, ó kọjú rẹ̀ sí gúúsù, apá ibi tí oòrùn ilẹ̀ wa ń gbà rìn láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Glenabah bu omi láti inú fíríìjì tí sólà náà ń gbé ṣiṣẹ́, ó gbé ife lé mi lọ́wọ́. Oòrùn ń jó wa lórí, oòrùn yẹn kan náà ló sì mú omi yìí tutù bí yìnyín! Mo kàn ń wo inú ife náà.

Glenabah ní, "Mu ún, àbúrò. Kì í buni jẹ."

Oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀, tí a máa ń wakọ̀ lọ sọ́nà jíjìn ra yìnyín fún kí ooru má bà á jẹ́, wá di ohun tó ń gbé inú fíríìjì.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Ìlà-oòrùn ni ilẹ̀kùn gbogbo ilé wa ń kọjú sí, kí a lè kí òwúrọ̀ káàbọ̀. Kí ló dé tí ohun tí oòrùn ń bọ́ yóò fi máa kọ ẹ̀gbẹ́ sí i nígbà tó bá ń yọ? Mo bi Raelene.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá kékeré, sólà ni o, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Nígbà tó padà sí Flagstaff, ìlú tó ń gbé, tí Glenabah da àgùntàn lọ, mo mú sípánà, mo tú nọ́ọ̀tì, mo yí pátákó náà kọjú sí ìlà-oòrùn. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tán.

Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, pátákó náà kì í rí i mọ́, bátìrì kì í sì í kún. Fíríìjì á kú kí ilẹ̀ tó mọ́, á tún jí láàárọ̀, kò sẹ́ni tó fura. Ooru ba oògùn jẹ́. Glenabah ń gún ara rẹ̀ lóògùn tí kò lágbára mọ́, títí ó fi ṣubú láàárín àgùntàn rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà sì ní ooru ti ba oògùn rẹ̀ jẹ́. Kí ni èmi ọ̀dájú ṣe? Mo sáré mú sípánà, mo yí pátákó padà sí gúúsù kí Raelene tó dé. Ọmọ náà yẹ gbogbo wáyà wò, kò rí àléébù kankan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá kékeré, kí ni mo ṣe?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi yìí sọ: "Ìkánjú ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí fi ń ṣiṣẹ́."

Glenabah yè é, ṣùgbọ́n kò lè da àgùntàn mọ́. Raelene pa iṣẹ́ náà tì. Àwọn aládùúgbò wa lókè tó ń retí sólà lọ́dọ̀ rẹ̀ padà sídìí àtùpà.

Lánàá, mo pe àwọn méjèèjì jókòó, mo jẹ́wọ́. Glenabah ní:

"Ìwọ yìí! Oòrùn tó ti ń rìn kí wọ́n tó bí ìyá wa, ìwọ lo fẹ́ fi ọ̀nà hàn án?"

Raelene kò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣìṣe kọ́ ló bà mí jẹ́, bíbò tí mo bò ó ni. Mo na sípánà sí i. Ó gbà á.

Ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Ta ló ṣì ń tan àtùpà lókè lọ́hùn-ún?"

"Gbogbo wọn."

Ó ju sípánà sínú ọkọ̀, ó forí lé ọ̀nà òkè. Kò wẹ̀yìn.