Ìbídùnní Ló Kọ́ Ẹ̀rọ Láti Kágò

Ẹ̀yin ará Okpomèta, ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Àjàṣẹ́ wá, ẹ̀yin ará Kùtọnù, ẹ̀yin tí eruku pupa ọ̀nà wa ti kùn látorí dé ẹsẹ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Èyí tó rọ̀ lé wa lórí yìí le púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n gbóhùn sókè, kì í ṣe pé mo ń bá yín jà. Ìyá Ìbídùnní wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn mi yìí. Òbí kì í jókòó ti òkú ọmọ, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí i láàárín wa, ṣùgbọ́n fèrèsé wà ní ṣíṣí. Òun gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin, ẹ bá mi gbọ́.

Èmi ni Safiath, ọmọ oníṣòwò aṣọ ní Àjàṣẹ́. Èmi àti Ìbídùnní la jọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Yàrá kan náà là ń sùn, ìkòkò kan náà la fi ń dáná. Ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ, ẹni tó bá sì mọ̀ mí mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ̀ pé ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, bóyá ẹ ò mọ irú èyí tó ń ṣe. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bá ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, láti Idigny títí dé ibí, fóònù ni wọ́n fi ń sọ ohun tí wọ́n kórè: àgbàdo tó wà lábà, iṣu tó wà nílẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọn ò tíì wú. Ètò tí Ìbídùnní kọ ló ń tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rajà fẹ́ wò ó. Ẹni tó ń ṣèwádìí fẹ́ wò ó. Ẹni tó bá sì ti mọ ohun tó wà lábà rẹ kó o tó gbé e dé ọjà, iye tó wù ú ni yóò dá lé e. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Kí ni Ìbídùnní ṣe? Ó ní nílẹ̀ Kétu níbí, ta ló ń wọ ilé onílé láìkágò? Ó wá kọ́ ẹ̀rọ ní àgò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wo abà rẹ, fóònù rẹ á dún, wàá gbọ́ ohùn Ìbídùnní fúnra rẹ̀, ní èdè wa: "Àgò o. Lágbájá fẹ́ wo oko yín. Ṣé kó wọlé?" Bó o bá tẹ ení, ó wọlé. Bó o bá tẹ èjì, ó padà sílé rẹ̀. Bí o ò bá dáhùn, ìta ló wà. Ẹni tó wọlé pàápàá, tí ọjọ́ ọjà Kétu bá tún ti pé, ilẹ̀kùn á padé, àfi kó tún kágò.

Ẹ rántí ìpàdé àwọn tó ń kọ ètò ẹ̀rọ tí Ìbídùnní máa ń pè lọ́dọọdún ní Kétu. Lọ́dọ̀ àwọn ará Kùtọnù, gbọ̀ngàn tó tutù ni, akọ̀wé ń bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. Ti Ìbídùnní, abẹ́ igi máńgòrò ni, àgbẹ̀ kan sì gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹni kọ̀ọ̀kan. Fidèle, ò ń rẹ́rìn-ín? Màá sọ ọ́. Fidèle yìí kọ ojú ewé kan tó rẹwà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n abà gbogbo èèyàn ló hàn níbẹ̀ gbangba. Ó ní kíkágò á fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ìbídùnní ò bá a jà. Ó ní kó gun alùpùpù lọ sílé Ìyá Ràhámọ̀tù ní Idigny, kó kàn wọ yàrá tí wọ́n ń kó àgbàdo sí, kó wo ohun tó wà níbẹ̀, kó máa bọ̀. Fidèle dé ẹnu ọ̀nà, ló bá kágò. Ìyá ń kírun lọ́wọ́, kò dáhùn. Ọmọkùnrin dúró nínú oòrùn títí ìyá fi kírun tán. Nígbà tó padà dé, ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Ó jókòó, ó pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, ó tún un kọ.

Olórí kunkun ni Ìbídùnní, ká má parọ́ torí pé ó kú. Judicaël tó jókòó níwájú yìí, tó di olórí ẹgbẹ́ wa báyìí, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́ fún ara rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ó kọ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ òun lónìí, ọwọ́ ta ni yóò wà lọ́la?

Ìyá, ọ̀rọ̀ tiyín ló kàn. Láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ lẹ ti ń sọ pé ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yín lójú kó tó kú. Ẹ̀yin èèyàn, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà ìkórè, Ìbídùnní fẹ́ mọ bí oko ìyá rẹ̀ ti ṣe sí. Ìyá ń bínú nígbà náà: ọdún Àjíǹde lọ, ọmọ ò wálé, iṣẹ́ ṣáá, iṣẹ́ ṣáá. Kì í gbé ìpè rẹ̀. Ìbídùnní wá kágò bí àlejò. Ìyá gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú fóònù, ó tẹ èjì. Kò pẹ́ síyẹn ni àìsàn gbé Ìbídùnní dálẹ̀. Nígbà tí ìyá fi máa dé ilé ìwòsàn, ọmọ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá mi, ẹ fetí sílẹ̀. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ tẹ èjì. Ìpàdé là ń ṣe lọ́wọ́. Ó wo fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín, ó gun orí àga. Ó ní, "Ẹ wò ó, ìyá mi kọ̀ fún mi. Èmi tí mo ṣe ilẹ̀kùn náà, mi ò ráyè wọlé. Iṣẹ́ mi dúró ṣinṣin." Judicaël ní kó ṣáà wá ọ̀nà wọlé, ṣebí ìyá rẹ̀ ni. Ó ní bí ìyá òun bá ní rárá, rárá náà nìyẹn. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí. Ìyá, ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ fi hàn án pé ohun tó kọ́ lágbára.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, n ò sì ní gbé e mì. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra àgbàdo ní àwọn á máa gbọ́ bùkátà ìpàdé wa lọ́dọọdún, oúnjẹ àti ibùsùn, bí a bá lè yọ àgò kúrò. Ọjọ́ Ajé la máa dá wọn lóhùn, Judicaël ló sì máa fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ ti pín sí méjì, ẹ wo bí a ṣe jókòó. Àwọn kan ní ẹni tó ń kọ̀ náà ti kú. Mo sọ ọ́ fún ìyá lánàá. Gbólóhùn kan péré ló fi dá mi lóhùn: "Ilẹ̀kùn tí mo tì mọ́ ọmọ mi, ta ló fẹ́ ṣí i fún àlejò?"

Judicaël, mi ò bú ọ. Ìwọ náà fẹ́ràn rẹ̀, o sì mọ ìyà tá a jẹ kí ìpàdé yìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń dúró. Dìde, àbúrò mi, dá a lóhùn.

Ẹ gbọ́ bí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ó ní àgò ò ní kúrò. Ó ní abẹ́ máńgòrò náà la ó máa jókòó, bí ebi bá tiẹ̀ ń pa wá. Ẹ bá mi kí i. Jókòó, nu ojú rẹ.

Ìbídùnní, ọ̀rẹ́ mi, ó dìgbà. Kí ọ̀nà rẹ má ní ẹ̀gún, kí àwọn tó ti lọ ṣáájú jáde wá pàdé rẹ lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ dákẹ́ o, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, ó ń fà mí láṣọ. Ó ní kí n bá òun sọ fún ọ pé àgbàdo ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Ó ní abà kún dé òrùlé.